Iyùn Ìyá Wa Kò Sọnù, Mi Ò sì Ní Kó Ìwé Mi Fún Ẹlẹ́pà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Gbénga, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí títí ẹ̀yìn yín fi tẹ̀. Láti Hayin Banki ní Kaduna níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ dé ibi tí eegun ìdí mi gbà mí láyè dé. Ẹ bá mi kí Baálé. Ẹ bá mi kí Gbénga ọmọ yín. Ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé, pàápàá Rónkẹ́ ìyàwó Gbénga, tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí lọ́wọ́lọ́wọ́, nítorí òun ló ń kà á fún yín láti ìgbà tí ojú yín ti ń ṣe bàìbàì. Rónkẹ́, rọra kà á. Má fo ìlà kankan, bí Ìyá tiẹ̀ ní kí o fò ó.

Ara mi le. Ọyẹ́ ti wọ̀lú. Ètè mi ti là, eruku wà nínú tíì, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wà nínú abọ́ tánganran tí mò ń tà ní Kawo, débi pé oníbàárà á kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí abọ́ kó tó mọ̀ bóyá pupa ni àbí funfun. Ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ ń jókòó nírọ̀lẹ́, àwọn kan ti padà sílé, àwọn kan ti kó lọ sí Trikania lódìkejì odò láti ọdún tí ìlú dàrú, àwọn kan sì ti lọ síbi tí fóònù ò dé. Bí mo bá fi Yorùbá pe àwọn ọmọ-ọmọ mi, Hausa ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ẹni tó bá wà nírú ipò yìí gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe, èmi sì ti rí tèmi. Ìwé ni.

Ẹ kò fẹ́ràn ìwé náà. Ẹ ti pè mí, ẹ ti pe ìyàwó mi, ẹ ní àgbàlagbà tó bá ń ka ìwé ìpànìyàn ń fọwọ́ pe ikú, ẹ ní kí n kó wọn fún ẹlẹ́pà kó máa fi wé ẹ̀pà. Ìyàwó mi ní kí ẹ má bínú, òun náà ń dúró kí òun gbọ́ ẹni tó pa ọ̀gá ilé inú ìwé náà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹlẹ́pà ò ní rí wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń jẹ níbẹ̀.

Ilé ìwé Mọ́dà ni mo kà, mi ò sì parí rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Malam Sani tó ń ta ìwé àlòkù lórí tápólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ló ta àkọ́kọ́ fún mi. Àwọn òyìnbó Ìlú Ọba àtijọ́ ló kọ wọ́n. Òjò á máa rọ̀. Ilé ńlá kan á wà ní abúlé, àwọn ènìyàn á kún inú rẹ̀, gbogbo wọn á sì máa parọ́. Ọ̀gá ilé á kú kí tíì rẹ̀ tó tutù. Ẹ ò ní gbọ́ igbe. Wọ́n á rọra gbé ife kalẹ̀, wọ́n á ní ó mà ṣe o, wọ́n á sì bèèrè ìgbà tí oúnjẹ máa délẹ̀. Ọlọ́pàá á dé, á mú ẹni tí kò ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan tí wọn ò kà sí á wá, bóyá arúgbó kan bíi tèmi, á máa bèèrè ọ̀rọ̀ ṣákálá: ta ló pa fèrèsé dé, kí ló dé tí bàtà ẹni tó ní òun rin inú òjò fi gbẹ. Nígbà tó bá yá, á kó gbogbo wọn jọ sí pálọ̀, á tú àṣírí lójú gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá mọ̀, mo máa ń fò ó bí ẹni fo gọ́tà, mo sì ń dé òdìkejì láìṣubú.

Bí Malam Sani bá kírun ìrọ̀lẹ́ tán, á ní kí n sọ ibi tí mo kà dé. Èmi á sì sọ ọ́ fún un ní Hausa. Ìwé yòówù kó jẹ́, ó ní dókítà ló pa á. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé kò sí dókítà nínú èyí tí mò ń kà. Ó ní kí n ní sùúrù, ó ń bọ̀ lọ́nà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín nìkan. Nílùú tí mo wà yìí, mo ti rí ìgbà tí wọ́n pa ènìyàn sójú pópó, tí ilẹ̀ mọ́, tí a gbálẹ̀, tí a ṣí ìsọ̀, tí kò sẹ́ni tó bèèrè pé ta ló ṣe é. Nínú ìwé mi, ènìyàn kan péré ló kú, ó tiẹ̀ lè jẹ́ ahun tí ajá ilé rẹ̀ ò fẹ́ràn, odindi ìwé ni wọ́n fi ń bèèrè rẹ̀. Wọn ò ní sinmi títí wọ́n á fi mọ̀. Bí ẹ bá ní kí n má ka irú ìyẹn, kí lẹ fẹ́ kí n máa kà?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí iyùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ẹ̀dà lẹ́tà yìí tí mo fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ ò mọ̀dí ọ̀rọ̀, iyùn tí ìyá wa fi sílẹ̀ ló di àwátì nílé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́. Inú àpótí ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi lọ kí ọmọ wọn mìíràn n'Íbàdàn, nígbà tí wọ́n dé, àpótí wà, kọ́kọ́rọ́ wà, iyùn ò sí. Gbogbo agbo ilé yíjú sí Rónkẹ́, torí òun ni ìyàwó tuntun, òun ló sì ń gbá yàrá. Wọ́n ti di ẹrù rẹ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà fún bàbá rẹ̀ n'Íṣẹ́yìn.

Nígbà tí ẹ sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kì í ṣe Rónkẹ́. Ẹ bi mí bóyá mo wà níbẹ̀. Mo ní mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ilé bá nàka sí níbẹ̀rẹ̀ ìwé, kì í ṣe òun. Ẹ ní kí n lọ sùn. Mo bi yín pé kí lẹ ṣe nígbà tó ku ọ̀la kí ẹ lọ Ìbàdàn. Ẹ ní ṣé èmi àbúrò yín ni mò ń da ìbéèrè bò yín bí ọlọ́pàá. Mo tún bi yín. Ẹ fìbínú dáhùn pé ẹ di ẹrù, ẹ bu èlùbọ́ sínú àpò méjì, tiyín àti tèmi, ẹ nàka sí ọ̀kan pé kí Gbénga gbé e lọ síbi ọkọ̀ Kaduna, ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà lẹ pa fóònù mọ́ mi létí.

Mo jókòó, mo ronú kan ìyá wa. Ṣé ẹ rántí pé bí wọ́n bá ń lọ sí ìrìn àjò, wọn kì í fi yẹtí wọn sílẹ̀ nínú àpótí? Inú èlùbọ́ ni wọ́n ń rì í mọ́. Wọ́n ní olè tó bá tọwọ́ bọ èlùbọ́, apá rẹ̀ á funfun dé ìgbọ̀nwọ́, kò ní ríbi sá sí. Ta ló sì kọ́ yín ní gbogbo ìwà yín, bí kò ṣe ìyá wa? Mo dìde, mo fa àpò èlùbọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ jáde láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi, mo da ìyókù rẹ̀ sórí ẹní. Ìyàwó mi bi mí bóyá orí mi ti wá dàrú tán pátápátá. Nísàlẹ̀ pátá, nínú ọ̀rá dúdú tí ẹ ta ní kókó lé kókó, iyùn ìyá wa jókòó síbẹ̀, ó kun èlùbọ́ bí ẹni kun pàúdà.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ rì í mọ́ inú àpò tiyín. Ẹ̀yin fúnra yín náà lẹ tún nàka sí àpò yẹn pé kí wọ́n gbé e fún mi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Malam Sani. Ó rò ó títí, ó ní dókítà ni.

Mo pè yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ bẹ̀ mí pé kí n rọra fi í ránṣẹ́, ẹ máa ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ ti rí i, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ibi tí mo ti yarí nìyẹn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí Rónkẹ́ ń gbá láràárọ̀? Wọ́n á ní ẹ̀rù ló bà á tó fi dá a padà. Títí ọmọ rẹ̀ á fi gbé ìyàwó wálé ni wọ́n á máa sọ ọ́. Ojú gbogbo agbo ilé lẹ ti pè é lólè, ojú gbogbo agbo ilé náà ni ọ̀rọ̀ máa tú sí. Inú ìwé ìpànìyàn mi ni mo ti kọ́ ìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ Baálé pé kó pe gbogbo yín jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó sì fún Rónkẹ́ ní lẹ́tà yìí kó kà.

Ìgbàgbé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èmi náà ń gbàgbé, kódà ilé ìdáná mi ni wọ́n ti bá ẹrù olè, bí ẹ bá pe ọlọ́pàá, kí wọ́n mú wa pọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni pé ká ti mọ̀, ká sì fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sí mi. Ẹ ti nà mí rí, ẹ tún lè nà mí, ṣùgbọ́n ẹ máa kọ́kọ́ wọkọ̀ dé Kaduna.

Mi ò ní fi iyùn rán awakọ̀. Kí Gbénga àti Rónkẹ́ wá gbà á. Ọrùn Rónkẹ́ ni mo máa fi í sí, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe wọ agbo ilé lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ohun tó yẹ kí ẹ sọ fún un. Mo tún máa fún un ní ìwé kan kó máa túmọ̀ rẹ̀ fún yín nírọ̀lẹ́. Mo ti fa ewé tó kẹ́yìn ya. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é, ẹ mọ nọ́ńbà mi.

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi. Á jẹ́ kí ojú yín tún ríran, kí ẹ̀mí yín gùn, kí ẹ lè máa bá mi jà títí. Mo kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà, mo kí ẹni tó ń bínú, mo kí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

Rónkẹ́, o ti kà á dé òpin. O ṣeun, ọmọ mi. Lọ tú ẹrù rẹ.

Èmi ni àbúrò yín, tí ẹ pọ̀n títí ó fi di ọmọ yín,
Bàbá Ṣadé, Hayin Banki, Kaduna.