Ìyá Mi, N Kò Tí Ì Gba Ìwé-Ẹ̀rí Kọ̀ǹpútà Náà

Ìyá mi, Àlájà Àṣàbí, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo kí Bùrọ̀dá Mùfútáù, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí gbogbo Bẹ́yẹrúnká láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé Ọjà'ba. Ara mi le. Òtútù Manchester níbí nìkan ló ń wọ egungun mi bí ẹni pé ó bá mi tan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí ẹni tí mo jẹ́, torí ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ lè mú kí ẹ rò pé wọ́n ti pààrọ̀ mi. Èmi ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin nígbà tí bàbá wa kú. Èmi ni mo ru ẹrù ní Oríta-mẹ́rin títí àárín orí mi fi pá. Èmi ni mo kọ́ iṣẹ́ wáyà iná lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń fi ìdí sikirudíráífà kàn mí lágbárí. Mo já láti orí páànù ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, apá mi kán, mo sì tún gun páànù kan náà kí oṣù méjì tó pé. Iná gbé mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò pa mí. Mo dé ibí ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, mo fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo fọ bọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó rí i pé kò sí ẹni tó lè fa wáyà kọ̀ǹpútà gba inú àjà bíi tèmi. Ẹ lọ bi wọ́n! Ilé ìwòsàn mẹ́ta, ilé ìwé mẹ́fà, ọwọ́ mi yìí ni wáyà wọn gbà kọjá. Nínú gbogbo ìyẹn, ẹ̀rù ò bà mí.

Ìyá mi, ẹ̀rù ń bà mí báyìí.

Ọ̀gá wa, òyìnbó kan tó kéré sí àkọ́bí mi, ló kó gbogbo wa jọ. Ó ní òun fún wa ní oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà oníbàárà mọ́. Mo bi í pé ẹni tó ti ń fa wáyà láti ọdún mẹ́wàá ńkọ́. Ó ní kí n mú ìwé wá. Bí n kò bá mú un wá, iṣẹ́ tán nìyẹn, ta ni yóò sì gba ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta síṣẹ́ tuntun?

Méjì ni ìwé-ẹ̀rí tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń gbà. Ọ̀kan kéré: bí wáyà ṣe ń gbé ọ̀rọ̀, bí ẹ̀rọ kan ṣe ń mọ èkejì, ohun tí à á kọ́kọ́ yẹ̀ wò bí nǹkan bá dákẹ́. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń gbà á. Èkejì tóbi: ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àwọn àpótí tí à ń ki wáyà bọ̀ ló ń ṣe é, orúkọ rẹ̀ sì ń dún. Éfúà, obìnrin ará Gánà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ti gba méjèèjì, ní kí n mú kékeré. Mo ní ṣé èmi Làmídì ló ń wò bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá Ìbàdàn, ẹnu yín ti yege, ó ku ọpọlọ. Mo mú ńlá. Mo kà á fún odidi oṣù méjì, mo fi ìbéèrè orí kọ̀ǹpútà dán ara mi wò lẹ́ẹ̀mẹta, mo kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo rọra padà sí kékeré, mo sọ fún Éfúà pé ojú ló ń dùn mí. Ó ní kí Ọlọ́run wo ojú náà sàn.

Kékeré náà ò kéré. Àdírẹ́sì ló fẹ́ pa mí. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Ìyẹn yé mi kíá, torí ta ló ń béèrè nọ́ńbà ilé ní Bẹ́yẹrúnká? Orúkọ agboolé lèèyàn ń dá, ará ibẹ̀ á wá mú un dé yàrá. Ìbéèrè wá ní ilé iṣẹ́ kan ní ẹ̀ka mẹ́rin, kí n pín àdírẹ́sì igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta fún wọn. Mo pín in ní ìdí-igi: ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ìpín kan, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta-mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ẹ̀rọ ní mo kùnà. Mo tún un pín bẹ́ẹ̀, mo tún kùnà. Mo bínú pe Éfúà, mo ní ẹ̀rọ yìí ò mọ ẹ̀tọ́. Ó ní kí n ka ìbéèrè náà dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀ka kìíní ní ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà, èyí tó kẹ́yìn ní mẹ́wàá péré. Ó ní níbo ni mo fẹ́ kí ọgọ́rùn-ún náà sùn sí?

 Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n pín ilé bàbá wa? Ìdí-igi mẹ́rin: ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ìpín kan. Ìyàwó tó kéré jù, tó bí ọmọ kan, gba yàrá méjì. Ẹ̀yin tí ẹ bí méje náà gba yàrá méjì. Ẹ ò sọ nǹkan kan níwájú àwọn àgbà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwa ọkùnrin sùn fún ọdún mẹ́jọ. Nínú gbogbo ayé, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ mọ̀ pé ìpín ọgbọọgba kì í gba èrò! Ohun tó fìyà jẹ mí ni mo fi ń dáhùn ìbéèrè. Àtìgbà náà ni mo ti ń wo orí ara mi tìfuratìfura: kí ló tún wà níbẹ̀ tí mo gbà pé ó tọ́?

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ mọ̀ pé n kò lè kàwé kí ètè mi má mì. Éfúà ní yàrá ìdánwò dákẹ́ bí itẹ́ òkú, kámẹ́rà ń wo èèyàn, bí wọ́n bá rí ètè mi tó ń mì lẹ́ẹ̀kan wọ́n á kìlọ̀, lẹ́ẹ̀kejì wọ́n á mú mi jáde. Mo ti ń fi eyín di ètè mú kàwé nínú bọ́ọ̀sì. Ìyá àgbà òyìnbó kan bi mí bóyá eyín ló ń dùn mí.

Ìyá mi, ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn rèé. Lọ́jọ́ Iléyá tí mo pè yín, tí gbogbo ilé ń gbọ́, mo ní mo ti gba ìwé-ẹ̀rí náà. Irọ́ ni. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń sunkún ayọ̀, n kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà. Bùrọ̀dá Mùfútáù ní gbogbo ẹni tó ń gun òkè Mápó lẹ ti sọ fún, pé Ìyá Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè yín báyìí. Ojú gbogbo ilé ni mo ti purọ́, ojú gbogbo ilé ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Ẹ dárí jì mí. Ẹni tó bá fi yín ṣe ẹlẹ́yà, ẹ ní Làmídì ló purọ́, ẹ̀yin kọ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà, ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí lèmọ́mù wa, kó má dá àdúà dúró. Ẹ kí àwọn àbúrò mi, ẹ kí ará ilé àti aládùúgbò, tàgbàtọmọ.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, màá wọ yàrá yẹn. Tí mo bá jáde, ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ pè, kí n tó pe ọ̀gá, kí n tó pe Éfúà. Ohun tí ẹ̀rọ bá kọ, bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni màá kà á sí yín létí.

Èmi ni ọmọ yín,
Làmídì