Bisikíìtì fún Ọmọ Tòlótòló

Ajé, 7 Agẹmọ, 2025
Àwọn ọmọ tòlótòló mi dé sílé wa ní Ìtẹ̀lé. Páálí méjì, kò sí èyí tó kú lọ́nà. Mo ti po oúnjẹ wọn sílẹ̀ – àgbàdo, sóyà tí mo fọwọ́ ara mi yan, ẹja lílọ̀, pẹ̀lú láísìn àti mẹtíónìn, èròjà tó ń kọ́ ẹran ara àti ìyẹ́. Ọmọ adìẹ lè fara da oúnjẹ ṣákálá. Ti tòlótòló ò lè fara dà á. Bí wọ́n bá yè dé Kérésì tí mo sì tà wọ́n, ó dìgbóṣe fún iṣẹ́ alẹ́ ní Ṣàngó.

Ọjọ́bọ̀, 10 Agẹmọ
Ọ̀gá Bisikíìtì yọjú. Bọ̀dá Fàlílù ni o, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì l'Ágbárá. Ó ru àpò kan wá, gbogbo èyí tó fọ́ nídìí ẹ̀rọ. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń fi bọ́ níbí. Ó ní kí n yé fi owó ṣòfò lórí sóyà, ọ̀fẹ́ rèé. "Ìyàwó, adìẹ ńlá náà ni tòlótòló." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ẹnu lásán ló dúpẹ́!

Ẹtì, 18 Agẹmọ
Mo ti ibi iṣẹ́ dé, abọ́ oúnjẹ wọn ń ta sánsán bí ilé oníkéèkì. Rauf ọkọ mi – Ọ̀gbẹ́ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà – ní ẹ̀gbọ́n òun ló ní kí òun da bisikíìtì sí i. Àgbà òṣìkà, àgbà ọ̀dẹ̀!

Àìkú, 27 Agẹmọ
Gbogbo alẹ́ tí mo bá lọ síbi iṣẹ́ ni Rauf ń fi bisikíìtì bọ́ wọn. Wọ́n ń yó, wọn ò dàgbà. Ìyẹ́ apá wọn rí játijàti. Wọ́n ti ń ṣá ara wọn nídìí títí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ. Méjì kú. Mo ní ṣúgà kì í hu ìyẹ́, purotéènì ni. Bọ̀dá ní òtútù ló mú wọn. Òtútù! Nínú yàrá tí èédú ń jó tọ̀sán-tòru!

Ajé, 28 Agẹmọ
Bọ̀dá tún gbé àpò míì wá. Oníṣokoléètì. A mà ti lọ́lá o.

Ọjọ́rú, 30 Agẹmọ
Mo wọ́ àpò náà jù síta. Ilé dàrú. Bọ̀dá ní òun ò rí irú ìyàwó aláfojúdi báyìí rí. Rauf kọ́kọ́ wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó tó ní kí n bẹ̀ ẹ́, kí n sì gbé àpò wọlé. Ó ní bí mo bá fẹ́ kó tòlótòló mi lọ síbòmíì, kí n bá wọn lọ.

Ọjọ́bọ̀, 31 Agẹmọ
Mo kó wọn. Mo bá wọn lọ. Ọ̀dọ̀ Àlàrí, ọ̀rẹ́ mi, la wà ní Ṣàngó. Inú ń bí mi, ó sì ń dùn mí. Wọ́n ti jẹ sóyà láàárọ̀. Rauf pè, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti dárí jì mí, ó ní kí n máa bọ̀ nílé. Mo ní kó pè mí lọ́jọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ kí n wá.

Àìkú, 10 Ògún
Kò tíì pè.