Mẹ́fà Nínú Ọgbọ̀n

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé ọmọ wa sì ń mu ọmú láìsí ìyọnu? Ọlọ́run tó ń gbọ́ ohùn ìyá, tó ń gbọ́ ohùn ọmọ, kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Àwa náà dúpẹ́. Ìjì ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, ewúrẹ́ sì bí méjì. Èmi àti télọ̀ ti pé oṣù mẹ́ta nínú ilé, ṣùgbọ́n ojú ṣì ń tì mí láti kọ "ọkọ mi" sínú ìwé, nítorí náà jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní télọ̀ lọ.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Nígbà tí o fi fọ́tò ìwé tí nọ́ọ̀sì ní kí o dáhùn ránṣẹ́ sórí fóònù télọ̀, èyí tí wọ́n ti bi ọ́ bóyá o ṣì ń rẹ́rìn-ín, bóyá o ń sunkún, télọ̀ kà á pé o gba mọ́kàndínlógún nínú ọgbọ̀n. Ha! Èmi tí mi ò gba mẹ́wàá rí kí n tó kúrò ní kíláàsì kẹta! Mo jó dé ẹnu ọ̀nà. Mo sọ fún ìyàwó alágbẹ̀dẹ pé ọmọ mi ń tọ́mọ lọ́wọ́, ó tún ń yege.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìwé kejì dé. Mẹ́fà péré! Ìyàwó alágbẹ̀dẹ béèrè èsì, mo ní fóònù télọ̀ ṣì ń sùn. Télọ̀ ní kí n má bínú, ẹni tó ṣubú á dìde, àwọn á bá ọ wá tíṣà tí yóò máa kọ́ ọ nílé.

Mo bá gbé ìtìjú tà, mo lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń gún àwọn ọmọdé wa lábẹ́rẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá jókòó tì mí. Ó ní ìwé yẹn kì í ṣe ìdánwò, òṣùwọ̀n ni, wọ́n fi ń wọn ìbànújẹ́ inú ìyá ọlọ́mọ, pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni ọkàn ṣe wúwo tó. Àṣé ọjọ́ tí mò ń jó, ọmọ mi ń rì! Ìgbà yẹn ni nǹkan sú bo ara ọmọ, tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tí o ní ọmú rẹ ti di májèlé, pé ì bá sàn kí ẹlòmíràn bá ọ tọ́ ọ. Dárí jì mí.

O ti kọ̀wé pé nọ́ọ̀sì rẹ ní ọmú rẹ kò ṣẹ̀. Wàrà màlúù tí ìwọ ń mu ló ń gba inú ọmú kọjá, tí ara ọmọ kò sì gbà á. O jáwọ́, ara ọmọ dán, ìwọ náà ń sùn. Èmi náà ti jáwọ́, torí ọmú mi ni ìwọ mu, mi ò mọ ibi tí nǹkan ń gbà. Télọ̀ pàápàá ń mu tíì láìsí wàrà. Mo ní ẹ̀yin ò fún ẹnikẹ́ni lọ́mú kẹ̀, wọ́n ní ìfẹ́ ni. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ ka ibí yìí.

Mẹ́fà! Mo ti padà lọ ṣàlàyé fún ìyàwó alágbẹ̀dẹ, àwa méjèèjì sì jó ijó tó tọ́. Má fi nọ́ọ̀sì rẹ sílẹ̀ o. Bí ọkàn bá tún fẹ́ wúwo, tètè sọ, má dá a rù.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti ẹni méjì, torí mi ò dá rìnrìn àjò mọ́. A fẹ́ wá bá ọ gbé ọmọ.

Ọlọ́run yóò sọ ìyókù ẹrù rẹ kalẹ̀. Àwọn ìyá yòókù ń gbàdúrà pé kí ọmọ wọn gbapò kìíní, èmi ń gbàdúrà pé kí tèmi gba òdo.

Èmi ni ìyá rẹ.