Kí Ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹn Ń Pè Ní Fífúyẹ́?

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìsùn, mo sì kí ọ kú ìfaradà àwọn tó ń fi bírò pupa ba ìwé ẹni jẹ́. Ara mi le, àfi ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ṣì wà nínú nǹkan funfun tí dókítà rẹ́ mọ́ ọn bí ẹni rẹ́ ògiri, láti ìgbà tí mo ti yọ̀ ṣubú lórí òrùlé tí mò ń kàn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohunkóhun gbé ọ ṣubú níbi tí o wà. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì ti sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí n mọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé mo rí ìyá rẹ tó ń gbá yàrá rẹ, ó sì gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ sóòrùn. Mo bi í pé àlejò wo ló ń bọ̀. Ó kọ́kọ́ ní kò sí, ó tún ní eku ló wọbẹ̀, ìgbà tí mo fi ọ̀pá ìtilẹ̀ gbá ilẹ̀ gbà ló tó jẹ́wọ́ pé ìwọ lò ń bọ̀, pé o ní o ò ṣe ìdánwò àfẹnuṣe àṣekágbá rẹ mọ́ nítorí ọ̀jọ̀gbọ́n tó yẹ kó tọ́ ọ sọ́nà. Ó gbé fóònù rẹ̀ fún mi, ó ní kí n fi ojú ara mi wo àwòrán àwọn ìwé tí o fi ránṣẹ́.

Ọmọ mi, inú bí mi. Lákọ̀ọ́kọ́ ná, mo rò pé o ti kàwé tán. Ojú mi ló ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n wọ aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ yẹn fún ọ, tí wọ́n dé fìlà tó tẹ́ bí àwo lé ọ lórí. Wọ́n wá ní ilé ẹ̀kọ́ kan tún wà tó ga ju ìyẹn lọ. Mo bi ìyá rẹ bó ṣe ga tó, ó ní òun ò mọ̀. Jọ̀ọ́, èmi mọ ohun tí ojú mi rí níbi gíga. Bó bá jẹ́ ilé alájà púpọ̀ ni, àtẹ̀gùn tó ní ibi ìdìmú ni kí o máa gbà, má bá ẹnikẹ́ni gun àkàbà.

Ti ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀hún ló wá kù. Mo ka gbogbo ohun tó kọ, kò sì pẹ́ kí n tó kà á tán, torí kò kọ nǹkan kan. Níbi tí o ti ṣàlàyé bí omi ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ó kọ ọ́ pé, "Jinlẹ̀ sí i." Abẹ́ ilẹ̀ nìyẹn o! Ibo ló tún fẹ́ kí o gbà lọ? Lójú ewé kejì, ó fa nǹkan kan tó tẹ̀ kọ́rọ́ bí etí, ó fi ẹnu bírò sàmì róbótó kan sísàlẹ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo fi han alágbàfọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ní ìkọ́ tí òun fi ń gbé aṣọ kọ́ ló jọ lójú òun. Níparí ìwé, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Ó ṣì fúyẹ́."

Èyí nìkan ló yé mi. Mo ní kí alágbàfọ̀ bá mi ra bébà tó nípọn, irú èyí tó ki bí èèpo ẹ̀yìn ìwé. Bí o bá tún un kọ sórí ìyẹn, ta ló máa ní ó fúyẹ́?

Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀, mo ní kí n bi ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè ìwé náà, mo pè é. Obìnrin kan ló gbé e, ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Mo kí i dáadáa, mo bi í bóyá ìyàwó ilé ni àbí akọ̀wé. Kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ. Mo ní kó bá mi jíṣẹ́, ó gé fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Mo pè, mo pè, obìnrin yẹn ò bínú, kò rẹ́rìn-ín, kò béèrè orúkọ mi. Ìyá rẹ ní ẹ̀rọ ni. Mo ní ẹ̀rọ wo ló ń sọ̀rọ̀ ju ìyàwó ẹni lọ? Ìyẹn náà tún dìjà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọkùnrin ló gbé e. Mo ní èmi ni bàbá ọmọbìnrin tó ń kọ̀wé nípa omi abẹ́ ilẹ̀, pé mi ò wá bẹ̀bẹ̀, mo kàn fẹ́ kó sọ bí bébà náà ṣe gbọ́dọ̀ wúwo tó, nítorí mo ti ra èyí tó nípọn. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Inú tún bí mi. Mo ní ọ̀gá, ọmọ mi ò rí oorun sùn, ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín? Mo ní kó sọ fún mi, kí ló ń pè ní fífúyẹ́?

Ẹ̀rín tán. Mo tiẹ̀ rò pé obìnrin yẹn fẹ́ tún gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó wá ní bí olùkọ́ tòun náà ṣe máa ń kọ ọ́ sórí iṣẹ́ òun nìyẹn, pé títí ọkùnrin náà fi kú, òun ò mọ ohun tó ní lọ́kàn, òun kàn ń kọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tòun náà ni. Mo ní ó mà ṣe o. Ó ní kí o wá bá òun ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, pé ẹ ó jọ jókòó kà á láti òkè délẹ̀, òun á sì fi ẹnu ara òun sọ ibi tó kù sí. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló pè mí ní sà!

Torí náà, lọ. O lè máa rò pé mo dójú tì ọ́. Bí mo bá sì dójú tì ọ́, ó ti ṣẹlẹ̀. Rọra bá a sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dà bíi tẹni tí kì í jẹun lásìkò.

Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ fún káàdì fóònù, gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ ti tán sórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń bọ̀ ni kí o fi rán, má gba ti ẹ̀rọ ara ògiri báǹkì yẹn. Ó gbé káàdì ìyá rẹ mì níjọ́sí, ó sì kọ ọ́ síwájú pé ẹ ṣeun.

Ṣe ìdánwò náà. Bí o bá yege, máa bọ̀ nílé. Bí o ò bá yege, máa bọ̀ nílé. Kí o wá láì jókòó sídìí rẹ̀ ni mi ò fẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn tó máa bi ọ́ léèrè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o mọ̀, kó sì ti rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó dé ibi tí o ò mọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.