Ìwé Ayò Méjìdínlọ́gbọ̀n

Ilé Àlájì Sàláwù,
Ẹ̀yìn Mọ́sálásí, Sabon Gari,
Zaria.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejìlá, 1979.

Bùkọ́lá mi, ọ̀rẹ́ tí mo fi ṣe ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara Màmá le? Ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá nígbà tí ẹ ń kúrò ní Wusasa ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń fi rìn dáadáa? Mo mọ̀ pé ọyẹ́ Ìlọrin ò lè tó tiwa. Níbí, ètè gbogbo wa ti bẹ́, eruku sì ti bo gbogbo abọ́ tánganran tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá mi. Sarat àbúrò mi ti bímọ, ọkùnrin ni, a dúpẹ́. Mo ti rí lẹ́tà rẹ gbà láti oṣù kẹwàá, mi ò sì fèsì. Má bínú. Mò ń dúró kí ọ̀rọ̀ kan parí ná ni. Ó ti parí wàyí, bí mo ṣe fẹ́ kó parí náà ló sì parí, àfi ibì kan.

O rántí Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì, kóòṣì àwọn Kwangila, ọkùnrin tó máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn? Ọdún yìí ni wọ́n fi í ṣe akọ̀wé líìgì bọ́ọ̀lù agbọ̀n wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ilé-iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan láti Kaduna ní àwọn fẹ́ sọ líìgì náà di ti olówó oṣù, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa gbowó bí òṣìṣẹ́. Inú gbogbo wa dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Fáníyì fi kọ lẹ́tà sí wa pé ẹgbẹ́ méjìlá ti pọ̀ jù, pé líìgì tí wọ́n bá máa sanwó fún kò gbọdọ̀ ju ẹgbẹ́ mẹ́jọ lọ, kí ayò lè dùn ún wò. Àwọn wo ló wá pọ̀ jù? Ẹgbẹ́ obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Muchia tí kò lẹ́ni tó máa gbèjà wọn. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ò pọ̀ jù o!

Mi ò ní purọ́ fún ọ. Àwọn ayò kan wà tí kò dùn ún wò lóòótọ́. Ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ yunifásítì fi àmì mọ́kànlélọ́gọ́rin sí mọ́kàndínlógún na àwọn Muchia, tí àwọn òǹwòran ti ń lọ sílé kí ayò tó dé ìdajì. Ká ní Fáníyì wá bá wa jókòó ni, kó ní ká pín líìgì sí ọ̀nà méjì, àwọn àgbà lọ́tọ̀, àwọn kékeré lọ́tọ̀, ǹ bá gbà. Ṣùgbọ́n ńṣe ló kàn fi bírò fa ilà lé wa lórí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Lójú tirẹ̀, pẹpẹ nìkan ló wà nínú ilé.

O mọ ohun tí èyí jẹ́ fún mi. O wà nílé wa lọ́jọ́ tí Bàbá mi gbà kí n máa gbá bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn ẹkún oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ṣòkòtò gígùn àti ìborùn. Wọ́n ní bí orúkọ mi bá ti wà nínú ìwé líìgì, àwọn ò ní dá mi dúró, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa á rẹ́, kí n wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kí n máa ta abọ́. Nítorí náà, mi ò sọ fún wọn. Mo ká lẹ́tà Fáníyì, mo fi í sí abẹ́ àwọn abọ́ ńlá kan tí ẹnikẹ́ni kì í rà, mo sì ń de okùn bàtà mi ní gbogbo Àtàláátà àti Àlàmísì bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwa márààrún inú ẹgbẹ́ wa á lọ sí pápá iléèwé, a ó máa ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n fúnra wa, láìsí ẹni tí a ń bá figagbága.

Wàyí o, gbọ́ bí mo ṣe mú un. Lọ́dún tó kọjá, kété tí ẹ lọ tán, wọ́n ṣe ìdánwò fún ẹni tó bá fẹ́ gba káàdì akọ̀wé ayò. Àwọn ọkùnrin kọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ obìnrin ni kéèyàn jókòó sídìí tábìlì kó máa kọ àmì sílẹ̀. Àwa márùn-ún nìkan la gba káàdì yẹn ní gbogbo Zaria. Òfin sì wà pé ayò tí alákáàdì kan tó wà nínú ẹgbẹ́ líìgì kò bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, asán ni. Ta ló mú òfin náà wá? Fáníyì! Ó ní wọ́n ti yan òun jẹ ní àmì méjì rí. Èmi gan-an ni wọ́n ní kí n fọwọ́ mi kọ òfin náà sínú ìwé. Ó ti gbàgbé. Èmi ò gbàgbé.

Bùkọ́lá, ǹ bá ti lọ sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn mẹ́rin yòókù ní ká lọ sọ ọ́, bóyá wọ́n á tìtorí káàdì gbà wá padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo fẹ́ kó dùn ún.

Ẹgbẹ́ mẹ́jọ, kí kálukú bá ara wọn gbá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ayò méjìdínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Kò sí èyí tí mi ò wò níbẹ̀. Gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè, màá ró ìró, màá wọ bùbá, màá jókòó níwájú, màá máa jẹ ẹ̀pà. Àna Fáníyì kan tó ń ta bàtà ní Kwangila ló ń jókòó sídìí tábìlì, pẹ́ńsùlù ló sì fi ń kọ ọ́. Fáníyì á kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, á ní inú òun dùn pé mi ò bínú. Màá fún un ní ẹ̀pà.

Ayò ìkẹyìn bọ́ sí Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá, Kwangila àti Wusasa. Àwọn ará Kaduna wá. Kwangila fi àmì mẹ́ta gba ife ẹ̀yẹ, wọ́n gbé Fáníyì sọ́rùn tòun ti kóòtù. Mo jẹ́ kí ife dé ọwọ́ rẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni mo gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ìró mi, mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé, kóòṣì Wusasa, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló fọwọ́ sí ìwé ayò?” Wọ́n wò mí. Wọ́n wo tábìlì. Ni wọ́n bá sáré lọ bá ìgbìmọ̀ líìgì.

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gba ife lọ́wọ́ Fáníyì. Ìgbìmọ̀ fún un ní ọjọ́ méje kó wá alákáàdì tó máa fọwọ́ sí ìwé ayò méjìdínlọ́gbọ̀n náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo líìgì ti di òfo. Ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn mẹ́rin yòókù. Wọ́n ní ohun tí Mọ̀dínátù bá ṣe ni àwọn máa ṣe.

Ní Àlàmísì, ó dé sí ṣọ́ọ̀bù wa, kò sì dá wá. Ó ti lọ bẹ Álífà Hámzàt ti mọ́sálásí wa àti bàbá àgbàlagbà kan sí i. O mọ bó ṣe máa ń rí tí àgbà bá wá bẹni, ọmọdé ò lè ní òun ò gbọ́. Fáníyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín abọ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kó tún pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀ sí i. Bàbá mi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Álífà ní kí n dárí jì í nítorí Ọlọ́run. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti dárí jì í pátápátá, látọkànwá. Wọ́n súre fún mi. Ni Fáníyì bá kó ìwé yọ nínú àpò, ó na bírò sí mi.

Mo ní ìdáríjì lọ́tọ̀, ìfọwọ́sí lọ́tọ̀. Èmi kọ́ ni mo kọ̀, lẹ́tà tí ọ̀gá kọ sí wa ló kọ̀. Mo lọ sídìí àwọn abọ́ ńlá yẹn, mo fa lẹ́tà náà yọ, mo gbé e fún Álífà. Álífà ní àwọn ò ka bókò, ìwé òyìnbó, kí ẹni tó kọ ọ́ kà á fún àwọn. Bùkọ́lá, ẹnu ara rẹ̀ ni Fáníyì fi kà á! Pé ẹgbẹ́ ti pọ̀ jù, pé láti ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án, orúkọ wa ti kúrò nínú ìwé líìgì. Ẹ̀san ò gboògùn! Mo ń rẹ́rìn-ín sínú, àfi ìgbà tí mo ṣèèṣì wo ojú Bàbá mi.

“Kai,” ni wọ́n wí, ohùn wọn ò ròkè. “Oṣù kẹsàn-án? Mọ̀dínátù, ibo lò ń lọ ní gbogbo Àtàláátà?”

Wọ́n yíjú sí Fáníyì. “To, ó dáa. Ẹ ti pa orúkọ ẹ̀ rẹ́, ó ti di ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ọmọ tó ń bá mi ta abọ́ ò ní nǹkan tó fẹ́ fi bírò ṣe nídìí bọ́ọ̀lù. Ẹ máa lọ, Allah ya kiyaye, Ọlọ́run á ṣọ́ yín.”

Líìgì wọn fọ́. Àwọn ará Kaduna padà sílé, wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n yọ Fáníyì nípò akọ̀wé. Mo gbọ́ pé àna rẹ̀ pàápàá ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ní bí àwọn kékeré ò bá sí, kò sẹ́ni tó máa jókòó sídìí tábìlì fún àwọn ńlá, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Lẹ́tà tuntun dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Orúkọ mi ló ṣáájú, wọ́n sì fàlà sísàlẹ̀ fún òbí láti fọwọ́ sí i.

Mo gbé e fún Bàbá, mo kúnlẹ̀. Mo tún lọ bẹ Álífà Hámzàt wá. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí fún oṣù méjì tí mo fi tan àwọn, pátápátá, látọkànwá. Ṣùgbọ́n ìdáríjì lọ́tọ̀, ìfọwọ́sí lọ́tọ̀.

Ẹgbẹ́ ti pé méjìlá padà, Bùkọ́lá. Èmi nìkan ni mo wá pọ̀ jù. Má rò pé mo káàánú Fáníyì o. Bó bá tún dọ̀bálẹ̀ lọ́la, màá tún jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ló ń dùn mí, ọjọ́ tí ǹ bá kàn la ẹnu mi sọ̀rọ̀.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá. Tàtàṣé tí Bàbá fẹ́ràn wà nínú àpò. Kí àwọn àbúrò rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ Sarat tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ á tún fún ọ ní bàtà kánfáàsì mi. Ẹsẹ̀ wa dọ́gba, wọ̀ ọ́. Mi ò fọ eruku pápá kúrò nídìí rẹ̀, ìwọ náà má fọ̀ ọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbàgbé nǹkan,
Mọ̀dínátù Sàláwù.