Agbọ̀n Ìyá Mi Ni Wọ́n Rí Nínú Adágún

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá oníṣòro lóhùn nínú ìwé ìròyìn yìí, mo dọ̀bálẹ̀ fún àgbà inú yín, ẹ má bi mí lórúkọ. Mo mọ ẹni tó ba omi wa jẹ́, ẹlòmíràn ni wọ́n sì dá lẹ́bi, mo dákẹ́.

Ìtòsí Mowé ni mò ń gbé. Adágún kan wà lẹ́yìn abúlé wa, òun nìkan ni kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun la ń mu. Láyé àtijọ́, inú rẹ̀ làwọn obìnrin ń rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú sí, gbogbo wa ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, omi a máa rùn, sòbìà ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ nígbà iṣẹ́... ìdí nìyẹn tí a fi kó ẹgbẹ́ jọ láti máa dáàbò bò ó. Ẹni tó ní ọparun mú un wá fún ọgbà, ẹni tó ní agbára ń roko etí omi. Òfin wa kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó bá rẹ ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ kò ní pọnmi níbẹ̀ mọ́. Ẹnu ara mi ni mo fi dá a lábàá.

Lẹ́ẹ̀rùn yìí la rí agbọ̀n ẹ̀gẹ́ nísàlẹ̀ omi, ẹ̀gẹ́ ti rà, omi ti funfun bí omidùn. Èmi ni mo hun agbọ̀n náà fún ìyá mi, ṣùgbọ́n gbogbo abúlé ló mọ̀ pé ìyá mi ti fi yá Ṣàdíátù, aládùúgbò wa. Ṣàdíátù ní òun ti dá a padà. Wọ́n bi ìyá mi, ìyá mi ní òun ò rí i o. Wọ́n ní ṣé arúgbó yóò purọ́ ni? Bí wọ́n ṣe lé Ṣàdíátù kúrò létí omi nìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo bá ìyá mi nínú adágún, omi dé orúnkún rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ wá agbọ̀n. Ó ti ń gbàgbé nǹkan tipẹ́, a máa fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pè mí. Mo bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

“Àbí ìwọ náà ti gbàgbé ni? Ibi tí ìyá wa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí nìyí.”

Mo fà á jáde, mo nu ẹsẹ̀ rẹ̀, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà Ìbàfò ni Ṣàdíátù ti ń pọnmi báyìí, tòun toyún. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà gbà pé èmi ni?” Mo ní kó dìde.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn yóò lé ìyá mi kúrò nídìí omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, àwọn ọmọdé yóò máa kọrin tẹ̀lé e, òun ò sì ní mọ ohun tó ṣe. Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní ìyá ni wúrà. Ṣé Ṣàdíátù kì í ṣe ìyá ni? Bó bá sì hàn lẹ́yìn ọ̀la pé èmi tí mo dá òfin ni mo bò ó mọ́lẹ̀, ta ni yóò tún mú ọparun wá?

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìyá mi wà lẹ́yìn ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ní agbọ̀n òun ti sọnù, kí n hun òmíràn fún òun. Ẹ bá mi dá sí i... kí ni kí n wí fún un? Kí ni kí n wí fún Ṣàdíátù?