Ẹnì Kan Gbọ́ ní Gáréèjì

Bàbá mi, ẹni tí ikọ́ yín máa ń jí mi kí àkùkọ tó kọ,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ẹni tó ti lọ kì í ka lẹ́tà, ẹ má rò pé orí mi ti dàrú. Ìbéèrè kan ni ẹ fi sílẹ̀ sí mi lọ́rùn, tí mi ò lè dáhùn nígbà náà. Ìdáhùn ti wá dé báyìí, ẹ̀yin lẹ ò sí ńlé. Kí ni kí n wá ṣe sí i? Mo jókòó sídìí tábìlì ìjẹun wa ní Òmù-Àrán, Màámi ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sí yín.

Ṣé ẹ rántí ọ̀sán ọjọ́ náà? Ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mò ń bó ọsàn fún yín. Ẹ bi mí pé nínú gbogbo àwọn tí a ti ń wàásù fún ní gáréèjì láti ọdún wọ̀nyí wá, ṣé ẹnì kan ṣoṣo gbọ́. Láti kékeré tí mo ti ń tẹ̀lé yín lọ síbẹ̀, mi ò rí ẹni tó ti gáréèjì wọ ilé ìjọsìn wa rí. Irọ́ ò sì ṣe é pa fún yín. Mo bá ń sọ̀rọ̀ òjò, mo ń sọ̀rọ̀ iṣu. Ẹ ò bi mí mọ́, ẹ ò sì mu ọsàn náà tán.

Bí ẹ ti ń ṣe é kò kúrò lójú mi. Lọ́jọ́ ọjà, ẹ ó ti oko dé, ẹ ó wẹ̀, ẹ ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ ó dé fìlà dúdú yẹn. Bàbá Díákónì, ọ̀rẹ́ yín, ni yóò gbé agogo. Ìyá Rúùtù ni yóò dá orin. Òfin yín sì le ju ti ilé ẹjọ́ lọ: a kì í wàásù fún ẹni tí a kò tíì kí. Ẹ ó kí àwọn awakọ̀, ẹ ó kí àwọn alágbàrù, ẹ ó dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń sun bọ́ọ̀lì, ẹ ó béèrè ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá. Ọjọ́ mìíràn wà tí kíkí ń gùn ju ìwàásù lọ. Bí wọ́n bá sì ń kírun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn gáréèjì, Bàbá Díákónì yóò ki ọwọ́ bọ inú agogo kó má baà dún, títí Ààfáà fúnra rẹ̀ yóò fi jáde, tí yóò juwọ́ sí wa pé ó yá.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó wàásù, ẹ ó sì parí ẹ̀ bí ẹ ti máa ń parí ẹ̀: Mo ti jíṣẹ́ o, ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹ ó ṣí fìlà fún wọn, fún alágbàrù àti fún ọ̀mùtí, bí ìgbà tí ẹ dé iwájú ọba. Ibẹ̀ ni gáréèjì ti máa ń fi ẹ̀rín pa ara wọn.

Táyé ló sì kọ́ wọn ní ẹ̀rín yẹn. Ẹ rántí Táyé, èyí tó ń wakọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, tí ẹnu rẹ̀ ń jó bí ata. Bí ẹ bá ti yíjú padà, yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀, yóò máa sín yín jẹ: ikọ́ méjèèjì, ìkíni, títí dórí fìlà tí kò dé. Ìyá Rúùtù á fajú ro bí ẹni mu ewúro. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń rẹ́rìn-ín jù, ẹ ó tiẹ̀ yìn ín pé ó mọ ikọ́ náà wú. Kí ni ẹ rí lára ọkùnrin yẹn tí àwa ò rí?

Nígbà tí ẹ lọ, ó ku àwa mẹ́ta. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Èsìẹ́, ọ̀kadà ni mò ń gùn wá lọ́jọ́ ọjà. Wọ́n ní ọmọ ẹkùn, ẹkùn ni í jọ, ṣùgbọ́n ohùn ológbò ni Ọlọ́run fún mi, kì í dé ìdí mọ́tò kejì. Ìyá Rúùtù yóò dúró tì mí, yóò fi ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ọwọ́ náà á gbóná, ẹ̀rù mi á dín kù. Bí a bá ti ṣe tán, a ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn, a ó jẹ àkàrà, a ó máa fi àṣìṣe ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Eyín Bàbá Díákónì ti kán tán, orúkọ wòlíì ò sì lè gba ẹnu rẹ̀ jáde mọ́. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ níbi àríyá kankan. Nígbà tí ojú ń dun Màámi, àwọn méjèèjì yìí ló fọṣọ rẹ̀, àwọn ló pọnmi. Bí ó bá jẹ́ èyí nìkan ni èrè iṣẹ́ náà, ó tó mi.

Ṣùgbọ́n àwọn alàgbà ìjọ kò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní gáréèjì ti mu òógùn wa tó, pé tí ìkórè bá ti kọjá kí a dáwọ́ ẹ̀ dúró, kí a gbájú mọ́ ìpàdé àdúrà nínú ilé. Inú kan ni wọ́n fi sọ ọ́, ọ̀rọ̀ wọn sì mọ́gbọ́n wá. Ó dùn mí bíi pé wọ́n ń sin yín lẹ́ẹ̀kejì.

A lọ lọ́jọ́ ọjà tó ṣáájú ìkórè, bí ẹni tó lọ dágbére. Mo ti wúkọ́ pé kí n bẹ̀rẹ̀ kí n tó rántí pé mi ò tíì kí ìyá oníbọ́ọ̀lì, ni mo bá padà lọ kí i, nítorí tiyín. Mo sọ ìwọ̀nba tí mo lè sọ. Bí mo ti ṣe tán ni Táyé jáde nínú mọ́tò rẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo rò pé ó fẹ́ fi èyí tó kù lára wa ṣẹ̀sín ni. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, gáréèjì sì ti bú sẹ́rìn-ín.

Àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní inú mọ́tò lòun ti sábà máa ń sín yín jẹ, pàápàá níbi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, kí èrò má baà sunkún ara ríro. Lọ́jọ́ kan, ó ń ṣe é lọ́wọ́ ni ìyá arúgbó kan nínú èrò sọ fún un pé wọ́n ti sin ẹni tó ń sín jẹ yẹn. Kò gbọ́ nípa ikú yín rárá, nítorí mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí ẹ lọ, Ìlọrin ló wà. Àwọn èrò yòókù ní kó ṣáà parí ẹ̀. Ó dé ibi tí ẹ ti máa ń sọ pé ẹ ti jíṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá dá nìkan wakọ̀, ìwàásù yín ni yóò máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ohun tó ti ń kó jọ fún ẹ̀rín ló ti di tirẹ̀. Ó ti jáwọ́ nínú ọtí. Ó ti lọ bẹ ìyàwó rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn sì ti padà sílé. Omi tí èèyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá ẹni.

Bó ti sọ ìyẹn tán, ó wàásù. Bàbá, ìwàásù yín ni, láti orí dé ẹsẹ̀, kò fo gbólóhùn kan. Èmi ọmọ yín kò mọ̀ ọ́n tó o. Nígbà tó parí, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí orí láti ṣí fìlà, bó ti mọ́ ọn lára. Kò sí fìlà lórí rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, Ìyá Rúùtù sì ń sunkún.

Lọ́jọ́ ìkórè, òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín. Àwọn alàgbà ò dárúkọ ìdádúró mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti ń bá wa lọ báyìí, ohùn tiẹ̀ tún burú ju tèmi lọ. Mò ń yangàn, ẹ má bá mi wí. Mò ń rìn ní Òmù-Àrán bí ọmọ ẹni tó kọ́ ilé alájà mẹ́wàá.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Màámi. Ó wọ yàrá, ó já fìlà yín lára ìṣó, ó gbọn eruku rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Àná tó jẹ́ ọjọ́ ọjà ni mo fún Táyé. Orí rẹ̀ tóbi, fìlà náà kàn jókòó sókè ni, bí ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ lórí ìkòkò omi. Ó kí gbogbo wọn títí dórí ìyá oníbọ́ọ̀lì. Ó wàásù, ó ní òun ti jíṣẹ́, ó ṣí fìlà. Alágbàrù kan tó gbé ẹrù lọ́wọ́ sọ ẹrù kalẹ̀, ó ṣí tirẹ̀ náà.

Ẹnì kan gbọ́, Bàbá. Ẹni tó ń fi yín rẹ́rìn-ín ló ń gbọ́ yín jù.

Èmi ni, ọmọ yín, tí ààbọ̀ ọsàn yẹn kù sí lọ́wọ́.